Lílì Ìyá Tí Mo Gé Bí Èbù Iṣu

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí ọmọ tó mọ ebè kọ tó mi ní gbogbo àdúgbò wa ní Kàbà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn ná, torí tẹ́ ẹ bá bi Ìyá, ìyẹn ìyá bàbá mi tó tọ́ mi, nǹkan mìíràn lẹ máa gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo ti ń gé èbù iṣu, mo ń fi eérú ra ojú ibi tí mo gé, bí àgbà. Ìwé nìkan ni kò bá mi lára mu. Tíṣà á máa sọ̀rọ̀, ojú mi á wà lójú fèrèsé.

Ìyá ní ọ̀rẹ́ kan ní Ìyámoyè, Màmá Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì. Tá a bá lọ kí wọn nírọ̀lẹ́, òórùn dídùn kan ló máa kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Òdòdó funfun báláú ni, ó gùn, ẹnu ẹ̀ là bíi ti kàkàkí. Lílì ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ki gbogbo imú bọ̀ ọ́, ni ìyẹ̀fun inú ẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ mi, imú pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni jí epo jẹ. Mo ń sín títí wọ́n fi gbé iyán dé.

Ọdún méjì ni Ìyá fi tọrọ ẹ̀. Ẹ̀rín ni Màmá Tíṣà máa ń fi dá wọn lóhùn: "Ẹ̀yin ará Kàbà, kí lẹ mọ̀ ju iṣu lọ? Ẹ ó pa á ni." Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kẹta, wọ́n fún wa ní ẹyọ kan, iṣu ìdí ẹ̀ dà bí àlùbọ́sà. Ìyá bá fọ́nnu: "Tó o bá wá bá wa ṣe ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, òórùn ẹ̀ ló máa kí ọ káàbọ̀." Ẹ ò rí i pé èmi àti Ìyá jọra.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá ń lọ sọ́jà, wọ́n ní kí n gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo wo iṣu náà, mo ní ta ló ń gbin odidi iṣu? Mo mú ọ̀bẹ, mo gé e sí mẹ́fà, mo fi eérú ra á, mo kọ ebè mẹ́fà, mo fi koríko gbígbẹ dé e lórí kí oòrùn má pa á. Mo tún ri ọ̀pá mọ́ ọn, kó lè rí nǹkan fà mọ́.

Ìyá dé, mo fà wọ́n lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Wọ́n wo ebè, wọ́n wo ọ̀bẹ. "Òdòdó mi dà?"

"Ìyá, ó ti di mẹ́fà!"

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n jókòó sí. Nígbà tí wọ́n dìde, pankẹ́rẹ́ ló tẹ̀lé wọn. Mo kúnlẹ̀, mo nawọ́ sókè, mo kọjú sí ebè mi títí apá mi fi kú.

Ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀, ewé tín-ń-tín bíi koríko yọ lórí ebè mẹ́ta, òdòdó kankan ò sí. Ìyá ò lè sùn. Wọ́n ní tí Màmá Tíṣà bá dé, kí n sọ pé ewúrẹ́ jẹ ẹ́.

Màmá Tíṣà wọlé, wọ́n kí wa bí wọ́n ṣe ń kíni lọ́dọ̀ wa. "Okun o! Imú mi ò gbọ́ nǹkan kan o. Mo sọ fún yín."

Mo ti la ẹnu láti dárúkọ ewúrẹ́, àmọ́ ó dùn mí. Kí ewúrẹ́ wá gba iṣẹ́ ọwọ́ mi? Mo ní, "Èmi ni mo gé e! Ẹ wá wò ó!"

Màmá Tíṣà rí ebè, wọ́n rí ọ̀pá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ kan ewé náà. "Ọdún mẹ́rin ni mo fi retí kí tèmi bímọ, ẹyọ kan ló bí, òun ni mo fún yín. Ọmọ yìí ti rí mẹ́ta. Ẹ fún un ní ọdún méjì, ẹ ó rí òdòdó."

Bí Ìyá ṣe gbọ́ bẹ́ẹ̀, orí wọn wú. "Èmi ni mo kúkú ní kó gé e."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ojú pankẹ́rẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi lọ́jọ́ náà.

Ọdún méjì ni mo fi ń bomi rin ín kí n tó lọ síléèwé. Nígbà tó là, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló là pọ̀. Alhájì ẹ̀gbẹ́ ilé wa ń bọ̀ láti mọ́sálásí, wọ́n dúró lẹ́yìn ògiri, wọ́n ń béèrè ẹni tó da tùràrí nù. Ìyá gbé àga síbẹ̀ títí ọbẹ̀ fi jóná.

Láyé ìsinsìnyí, òdòdó oníke ni gbogbo wọn ń tò sí pálọ̀, eruku ni òórùn ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ò mọ ojú ọkọ́, fóònù ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé wa funfun báláú, ọmọ àwọn mẹ́ta yẹn ni gbogbo ẹ̀, Ìyá sì ṣì ń sọ fáwọn àlejò pé àwọn ló kọ́ mi.

Ó yá, mo ń lọ. Ìyá ti ń pariwo orúkọ mi, wọ́n fẹ́ hú lílì fún aládùúgbò tuntun. Wọ́n ní kí n mú ọkọ́ bọ̀, kí n fi ọ̀bẹ sílẹ̀ nílé.