Òróró Tí Màmá Mi Fi Pa Kẹ̀kẹ́ Mi

Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, kí n tó fi nǹkan kan ẹnu, mo máa ń dojú kẹ̀kẹ́ mi dé ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Òkè-Ìlá. Bàbá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀: ìjókòó nílẹ̀ lórí àpò sìmẹ́ńtì, táyà lókè. Màá fi àkísà nu ẹrẹ̀ kúrò, màá fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ ṣéènì, màá da epo ẹ́ńjìnnì lé e, màá wá yí táyà kí n tẹ bíréèkì wò. Olùkọ́ ni mí. Láti ìgbà tí epo mọ́tò ti di ọ̀wọ́n gógó ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí iléèwé wa ní Adébáyọ̀. Àwọn ará àdúgbò fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí ó fi sú wọn. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún lórí kẹ̀kẹ́! Kò kàn mí. Onínúfùfù ni mí, ṣùgbọ́n kí n tó gun kẹ̀kẹ́ dé ẹnu iṣẹ́, ìbínú á ti bá afẹ́fẹ́ lọ.

Màmá mi nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Ọ̀kadà ló pa bàbá mi lọ́nà Ìgèdè, nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá ti ń fi táyà méjì rìn, ọ̀tá Màmá ni. Kò sọ pé kí n má gùn ún o. Ó kàn máa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn láràárọ̀, tí á máa wò mí títí màá fi yà ní kọ́nà.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ti ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà wọn bọ̀ tòun ti ìgò òróró olífì tí wọ́n ti gbàdúrà sí. Mi ò bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè wa, mo tẹ bíréèkì, kẹ̀kẹ́ ò gbọ́. Mo tún un tẹ̀, ńṣe ló ń yọ̀ lọ. Títì ńlá ló wà nísàlẹ̀, tírélà kan sì ń bọ̀. Mo pariwo Jésù, mo yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sí òkìtì iyanrìn tí oníbúlọ́ọ̀kù kan kó sẹ́bàá ọ̀nà, mo sì kó wọ inú rẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ mi bó. Iyanrìn kún ẹnu mi. Mo wà láàyè.

Mo ti kẹ̀kẹ́ padà sílé, inú ń bí mi sí ara mi, torí mi ò ní mẹkáníìkì tí mo lè dá lẹ́bi. Wáyà bíréèkì ò já. Rọ́bà rẹ̀ ò tíì jẹ tán. Mo wá fi ìka kan rímù, irin tí rọ́bà náà máa ń fún mọ́ kí táyà tó lè dúró. Ó ń yọ̀. Mo gbóòórùn ìka mi: òróró olífì ni. Ó wà níwájú, ó wà lẹ́yìn, yíká, kò fo ibì kan.

Mo ti la ẹnu láti jágbe nígbà tí Màmá jáde, tó rí ẹ̀jẹ̀ lápá mi. Orí ìkúnlẹ̀ ló balẹ̀ sí.

“Olúwa, o ṣé! Òróró yẹn ṣuṣẹ́!”

Bí mo bá sọ òtítọ́ fún un, yóò dà bí ẹni pé mo ní ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe mí bí ọ̀kadà ti ṣe bàbá mi. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, yóò tún fi pa á lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ iyanrìn kì í wà lójú ọ̀nà lójoojúmọ́. Nírọ̀lẹ́, mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo fi kan rímù náà, mo sì ṣàlàyé.

“Àbí èmi ni mo fẹ́ pa ọ́?” Ó fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára rímù.

“Àdúrà yín ló gbé iyanrìn síbẹ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á síbẹ̀ mọ́.” Bí mo ṣe sọ ti iyanrìn yẹn náà ni mo gbà á gbọ́.

Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní Sátidé, bí mo ṣe dojú kẹ̀kẹ́ dé, Màmá gbé àpótí wá, ó jókòó tì mí. “Ibo ni wọ́n ń pa á sí lára urin yìí?”

Mo fi ṣéènì hàn án. Mo bu epo ẹ́ńjìnnì sínú ìdérí ìgò, mo fún un ní igi ìgbálẹ̀ kan. Ó ń kán an sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán kan, àdúrà kan. “Kò ní já. Ọmọ mi á lọ, ọmọ mi á bọ̀ ulé.” Oòrùn mú wa síbẹ̀. Inú fẹ́ bí mi, mo gbé e mì. Nígbà tó parí, mo yí pẹ́dàlì, ṣéènì tó máa ń pariwo tẹ́lẹ̀ kò dún mọ́. Àṣé ńṣe ni mo ti ń da epo nù láti ọjọ́ yìí wá, tí mo ń fi í kó eruku jọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bíi kí n sunkún.

Títí di òní, èmi ni mo ni bíréèkì, Màmá ló ni ṣéènì. Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé Sátidé àkọ́kọ́ yẹn, mo bojú wẹ̀yìn ní kọ́nà. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ilẹ̀kùn. Màmá ti wọlé lọ mu ẹ̀kọ rẹ̀.