Ewé Inú Àgbàlá ní Sharjah

Ìgbálẹ̀ ń dún ṣáá-ṣáá lórí òkúta, yanrìn ń wọ̀ mí nímú. Ìyá àgbà mi ti ká ìró sókè, kámẹ́rà ń mì lọ́rùn wọn, wọ́n ń gbá àgbàlá ilé onílé. Ilé àtijọ́ ni, òkúta inú òkun ni wọ́n fi kọ́ ọ, ilé gogoro tó ń gba atẹ́gùn sì wà lórí rẹ̀. Igi ńlá kan dúró láàárín àgbàlá, òdòdó yí i ká. Lọ́jọ́ Monday, katakata máa wó gbogbo rẹ̀. Visit visa ìyá àgbà sì máa parí lọ́la.

Ọmọ tí ìyá mi bí sí ilẹ̀ Lárúbáwá tí à ń gbé ni wọ́n wá tọ́jú, ṣùgbọ́n onífọ́tò ni wọ́n nílé. Ní ṣọ́ọ̀bù wọn, ẹnikẹ́ni kì í jókòó síwájú kámẹ́rà kí wọ́n má bá a pa àtíkè. Ilé pàápàá kò yàtọ̀ sí èèyàn lójú wọn. "Ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò á kọ́kọ́ bọ́jú," ni wọ́n máa ń wí. Tí a bá tẹ̀ lé ìyá mi lọ rajà ní Deira, wọ́n á fi ìborùn ara wọn nu ilẹ̀kùn àtijọ́ kí wọ́n tó yà á. Ojú máa ń tì mí bí ẹni jalè.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń kí ìyá Lárúbáwá tó ni ilé yẹn lẹ́nu ọ̀nà, tí èmi ń fi Lárúbáwá iléèwé ṣe ògbufọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá náà ní ká wọlé, ó sì lọ po tíì.

Nígbà tó jáde, ó rí òkìtì ewé àti yanrìn tí a gbá jọ. Ó dúró, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè túmọ̀ rẹ̀.

"Wọ́n ní àwọn ló sá ewé yẹn sílẹ̀ kó lè gbẹ. Ọkọ wọn ló gbin igi náà. Wọ́n ní ewé tí wọ́n fi ń wẹ òkú ni, wọ́n fẹ́ kí wọ́n fi wẹ àwọn náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá kú."

Ìyá àgbà kúnlẹ̀. "Bá mi bẹ̀ ẹ́. Sọ fún un pé mo rò pé pàǹtí ni."

"Khalas, mama," ni ìyá onílé wí, pé ó ti tán síbẹ̀, ó sì nawọ́ sí oòrùn tó ń lọ, pé ká yára. "Yalla, picture."

Ìyá àgbà jókòó sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ewé náà níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fẹ́ yanrìn kúrò, wọ́n ń fi etí ìró nù ún.

"Màmá, ẹ ya ilé náà ná," ni mo wí. "Your flight is tomorrow."

"Ṣé fọ́tò ni wọ́n máa fi wẹ̀ ẹ́?"

Ìyá onílé wá jókòó tì wọ́n, àwọn méjèèjì jọ ń ṣà á, láìgbọ́ èdè ara wọn. Tíì tutù. Wọn ò tíì ṣa ewé ọ̀hún tán tí wọ́n fi pe ìrun mùgíríbì. Ilẹ̀ ṣú, wọn ò ya fọ́tò kankan. Mo sunkún nínú takisí nítorí inú ń bí mi.

Lónìí, àwọn ilé àtijọ́ àti ọgbà wọn ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń yà jẹun. Ohunkóhun tó bá wà nílẹ̀, mi ò ní fọwọ́ kàn án àfi tí mo bá rí ẹni tó ni ín. Oòrùn ti lọ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́pọ̀ ìgbà nítorí ẹ̀. Orí mi máa ń wú tí mo bá rántí ìyá àgbà. Bí ọjọ́ ṣe lọ tó yìí, ìyá Sharjah yẹn á ti kú. Mo kàn ń gbàdúrà pé kò sí yanrìn nínú ewé tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́.