Ìhanrun tí Yétúndé Gbé Wá

Òórùn àgbàdo sísun àti èéfín taksí ló máa ń gba ojú fèrèsé wọlé bá wa ní Joubert Park, ní Johannesburg, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí Yétúndé, ọmọ wa, bá sùn lọ lórí àga. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà náà. Bó bá ti ń hanrun, ọkọ mi á dín ohùn tẹlifíṣàn kù kó lè gbọ́ ọ dáadáa. Bí ìyá rẹ̀, tó kú kí n tó bímọ, ṣe máa ń hanrun gan-an nìyẹn: á ròkè, á dákẹ́ pátá, á tún bẹ̀rẹ̀ lójijì. Ó gbà á sórí fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí rẹ̀ l'Ékòó, wọ́n sì ń kí wa pé Màmá ti padà wá lóòótọ́. Inú èmi náà dùn.

Ọmọ fúnra rẹ̀ ni kò yé mi. Á ta gìrì jí, ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkì, á ní, "Mummy, who is chasing me?" Bí taksí bá fọn fèrè ní oríta, á fò mọ́ mi. Ní ilé ìwé, ẹni tó bá fara kàn án, á gé e jẹ. Ìwọ náà rò ó wò: ọmọ tó ń sùn tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀? Mo gbàdúrà, mo bá a wí, mo bẹ̀ ẹ́. Orí mi dà rú.

Obìnrin Èkìtì ni dókítà tí a gbé e lọ bá. Ó béèrè bó ṣe ń sùn, ọkọ mi sì fi tayọ̀tayọ̀ yọ fóònù, ó jẹ́ kó gbọ́ ìhanrun náà. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ibi tí ìhanrun ti dákẹ́ ló ń tẹ́tí sí.

"Èémí ò wọlé níbí yìí," ó ní. "Ara rẹ̀ ló ń ta á jí kó lè mí. Ẹni tó ń fi gbogbo oorun sáré, báwo lara rẹ̀ ṣe máa balẹ̀ tílẹ̀ bá mọ́?"



Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gé ẹran tó wú dí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kúrò. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó tún sùn lórí àga yẹn, kò dún rárá. Ẹ̀rù bà mí, mo gbé ọwọ́ síwájú imú rẹ̀. Èémí ń lọ geere. Ọkọ mi pa tẹlifíṣàn, ó jókòó, ó ń retí. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Ó dà bí ìgbà tí Màmá tún kú."

N kò mọ̀ bóyá kí n bá a sunkún ni àbí kí n máa dúpẹ́. Títí dòní, kò tíì yé mi tán bí ohun tó jẹ́ ayọ̀ fún wa ṣe jẹ́ ìjà ẹ̀mí fún ọmọ. Ìhanrun yẹn ṣì wà lórí fóònù ọkọ mi, n kò sì ní kó pa á rẹ́. Yétúndé ni ọmọ wa ń jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èémí ara rẹ̀ ló ń mí.