Òkúta Bàbá Mi Tó Là sí Pẹlẹbẹ Méjì

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn òkúta yìí fún mi, ẹnu bàbá mi ni òun náà sì ti gbọ́ ọ. Ó ní yanrìn lásán ni tẹ́lẹ̀, ní etí odò ńlá tó wà lẹ́bàá Lọ́kọ́ja. Omi gbé yanrìn wá, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Omi tún gbé òmíràn wá, ó tẹ́ ẹ lé ti àkọ́kọ́. Ti òkè ń tẹ ti ìsàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ò ríbi sá sí, títí gbogbo wọn fi gbàgbé pé yanrìn làwọn. Bàbá mi rí ọ̀kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ níbẹ̀, ó gbé e wálé, ó ń pọ́n ọ̀bẹ lórí rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Èmi àkọ́bí ni wọ́n gbé òkúta náà fún. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹlòmíì ń jogún ilẹ̀, ẹlòmíì ń jogún ilé. Nínú ẹbí tiwa, ẹnikẹ́ni kì í jẹ iṣu tuntun àfi tí a bá ti pọ́n ọ̀bẹ lórí òkúta yẹn, tí ìyá wa sì ti fi ọ̀bẹ náà gé iṣu àkọ́kọ́. Àbúrò mi obìnrin ní kí wọ́n fi òkúta sílé, pé Abuja á gbé e mì. Ìyá mi ní rárá, ti àkọ́bí ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí òun bá gbọ́ pé mi ò tọ́jú rẹ̀, òun á gbà á padà. Bí mo ṣe gbé e wá sí Karmo ní Abuja nìyẹn, tí ìyá mi sì ń gbé iṣu tuntun tẹ̀lé e wá lọ́dọọdún.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí màmá dé ni táyà ọkọ̀ mi jò níwájú ilé. Mo ń wá nǹkan tí màá fi dí táyà ẹ̀yìn kí ọkọ̀ má baà yí. Búlọ́ọ̀kù pọ̀ ládùúgbò wa bí ẹni pé wọ́n ń gbìn ín ni, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ kọlù mí, mi ò fẹ́ rìn. Òkúta bàbá mi wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo gbé e, mo tì í sábẹ́ táyà. Ọkọ̀ rọra sún sẹ́yìn, ó jókòó lé òkúta bí àgbà tó rí àga. Mo gbọ́ “káú!”

Nígbà tí mo fà á jáde, ó ti là sí pẹlẹbẹ méjì, bí búrẹ́dì tí wọ́n fẹ́ fi bọ́tà sí nínú. Inú rẹ̀ ní ìlà lórí ìlà: pupa, funfun, pupa. Gbogbo ibi tí omi ti tẹ́ yanrìn sí rèé. Mò ń kà á bí ìwé, mo sì ń làágùn.

Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, jáde síta.

“Kai! Dádì, ẹ ti fọ́ òkúta Gíránmà!”

“Rọra sọ̀rọ̀! Òkúta bàbá mi ni.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀. Òkúta yanrìn ni, kò le.”

Ó ṣí eré tó máa ń ṣe lórí fóònù ìyá rẹ̀. Ayé kan ló wà níbẹ̀ tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ ní igun mẹ́rin. Oòrùn ní igun mẹ́rin, àgùntàn ní igun mẹ́rin. Dírágónì ń fò, òkú ń dìde rìn kiri. Ọmọ mi ti kọ́ ààfin síbẹ̀ tó tóbi ju ilé iṣẹ́ ìjọba lọ, òkúta yanrìn ni gbogbo ògiri rẹ̀.

“Ẹ wò ó. Yanrìn kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Ẹ tò wọ́n báyìí. Ó ti di òkúta.”

“Kíá báyẹn?”

“Kíá báyẹn. Ṣùgbọ́n tíṣà wa ní ti gidi máa ń gba mílíọ̀nù ọdún, nǹkan kan inú omi ló sì ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀.”

“Sátidé ni màmá ń bọ̀,” ni mo wí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ní ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Idu, ọ̀gá ni wọ́n ń pè mí. Síbẹ̀, mo mú agolo mílíìkì, mo bu yanrìn níbi tí aládùúgbò wa ti ń kọ́lé: agolo mẹ́rin géérégé, kò lé, kò dín. Ní ti ohun tó ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, sítáàṣì tí ìyàwó mi fi ń lọ aṣọ mi ni mo rí. Mo po ó mọ́ yanrìn náà àti erùpẹ̀ pupa díẹ̀, mo rọ ọ́ sínú páànù búrẹ́dì, mo gbé e sóòrùn.

Ìyàwó mi bá mi níbẹ̀. “Dádì, kí lẹ ń sè?”

“Òkúta.”

“Ẹ má jẹ́ kó jóná o.”

Sátidé pé. Màmá sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì Jabi pẹ̀lú àpò iṣu. Kò tíì mu omi tán tó fi béèrè ọ̀bẹ àti òkúta. Mo gbé e fún un.

“Ó fúyẹ́,” ni màmá wí.

“Ooru Abuja ni, Màmá. Ó ti gbẹ.”

Ọmọ mi sá wọlé lọ rẹ́rìn-ín. Màmá bu omi sí òkúta gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ó fa ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀kan, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀bẹ wọlé bí ẹni ń gé mọ́ín-mọ́ín. Ìdajì òkúta ṣàn sórí ìró rẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Òkúta bàbá rẹ ń run sítáàṣì. Ṣé ẹ fẹ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni?”

Ọmọ mi ló gbèjà mi láti ẹnu ọ̀nà: “Gíránmà, yanrìn rẹ̀ pé mẹ́rin o. Mílíọ̀nù ọdún ló kù.”

“Mílíọ̀nù ọdún? Ta ló dúró kà á?”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́, mo sì lọ fa pẹlẹbẹ méjèèjì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mò ń retí kó di iṣu rẹ̀ padà sínú àpò. Màmá yí wọn sọ́tùn-ún, ó yí wọn sósì, ó fi àtàǹpàkò pa inú wọn.

“Ṣé ìkòkò ni? Nígbà tó là, ṣé mímú ọ̀bẹ tó wà nínú rẹ̀ ló jò dànù?”

Ó bu omi sí ọ̀kan, ó pọ́n ọ̀bẹ lórí inú rẹ̀ tí irin ò fọwọ́ kàn rí. Kò pẹ́ rárá, ọ̀bẹ mú bí abẹ. Ó gé iṣu. A sè é, a fi epo jẹ ẹ́. Yanrìn díẹ̀ tó bọ́ lára ìró màmá ń dún léyín wa, a rọra ń jẹ ẹ́ lọ.

Nígbà tó ń padà lọ, ó fi gèlè di pẹlẹbẹ kan, ó gbé e lọ. Ó ní òun ò gbà á lọ́wọ́ mi tán, òun ò sì fi í sílẹ̀ fún mi tán. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àbúrò mi pè mí pé àwọn ti jẹ iṣu tuntun nílé. Ó ní pẹlẹbẹ òkè ló wà lọ́dọ̀ àwọn, èyí tí ọ̀bẹ bàbá wa ti jẹ kòtò sí lójú. Mo ní tèmi ni ti ìsàlẹ̀. Yanrìn ibẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, òun ni ẹ̀gbọ́n. Ọmọ mi ní bẹ́ẹ̀ náà ni tíṣà wọn wí. Àbúrò mi ní kí tíṣà wá jẹ iṣu.

Ìwọ tó ń gbọ́ mi yìí, má wojú mi, má wojú àbúrò mi: nínú pẹlẹbẹ méjèèjì, èwo gan-an ni òkúta bàbá wa?