Sípánà Méjì fún Àga Ìyá

Ìró rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo dúró ní ọjà Adjamé ní Abidjan, níwájú ọkùnrin kan tó ń ta irinṣẹ́ lórí tábìlì, oòrùn ń pa mí, bọ́ọ̀sì kékeré tí a ń pè ní gbáka ń fun fèrè lẹ́yìn mi, ni ó bá ki irin kan bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n yí i. Mo yí i síwájú, ó le. Mo yí i padà, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi kòkòrò inú koríko. Cliquet ni wọ́n ń pè é. Orí sípánà roboto tí wọ́n ń pè ní douille ni wọ́n máa ń fi sí i lẹ́nu, èèyàn á sì máa yí nọ́ọ̀tì lọ láìyọ ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Mo yí i títí ọkùnrin náà fi bi mí ní Faransé pé ṣé mo fẹ́ rà á ni àbí mo fẹ́ fi jó. Ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ wọ̀ mí lára.

Kì í ṣe eré ló gbé mi dé ọjà. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti ń ta aṣọ ní Treichville láti ìgbà ọmọge wọn, ni ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́, tí wọ́n fi wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Yopougon. Àga onítáyà tí a gbà fún wọn, èyí tó yẹ kí wọ́n máa fi ọwọ́ ara wọn yí, ti yẹ̀. Táyà ńlá ọ̀tún ń mì, àwọn kéékèèké iwájú ń fà sí ẹ̀gbẹ́. Tó bá ti dé ibi tí ilẹ̀ kò tẹ́jú, àga á dúró, Ìyá á sì máa wo ọ̀nà títí ẹnì kan á fi wá tì wọ́n. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń fẹ́ ni kí wọ́n máa dá lọ kírun Jímọ̀ ní mọ́sáláṣí ìparí àdúgbò wa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí wọ́n jẹ́ àkọ́bí, ti pinnu ní tiwọn: bí òjò ọdún náà bá dáwọ́ tí Ìyá kò sì lè dá jáde, àwọn á mú wọn padà sí Ẹ̀jìgbò, ìlú wọn ní Nàìjíríà, kí àwọn ará ilé máa tọ́jú wọn. Ìyá, tí gbogbo ọmọ ọmọ wọn wà ní Abidjan, kàn kọjú sí ògiri.

Mo rò pé mo gbọ́n nígbà náà. Àpótí irinṣẹ́ tó tóbi jù lórí tábìlì ni mo rà, èyí tí ohun inú rẹ̀ pọ̀ jù, tó ń dán bí abọ́ ìyàwó tuntun, tí kò sì wọ́n. Ìgbà tí mo kúnlẹ̀ ti àga ni ojú mi là. Ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀, títí dòní n kò tíì rí ohun tí mo lè fi ṣe. Èyí tó burú jù ni pé kò sí sípánà kankan níbẹ̀, douille nìkan. Bẹ́ẹ̀, bóòtì ló wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan táyà, nọ́ọ̀tì sì dè é ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí mo bá yí nọ́ọ̀tì, bóòtì á máa bá a yí. Mo fi ẹ̀mú di bóòtì mú, ẹ̀mú yọ̀, ó bó o lórí. Douille náà ní igun méjìlá nínú, etí nọ́ọ̀tì nìkan ló ń gbá mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ìyá wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì.

“Ìyàwó mi, ṣé ò ń tún un ṣe ni, àbí ẹ̀ ń jà?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò lórí fóònù nígbà tí ìrẹsì bá wà lórí iná. Mo wá mọ̀ pé onígun mẹ́fà ló sàn, torí ikùn nọ́ọ̀tì ló ń gbá mú, kì í ṣe etí rẹ̀. Mo mọ̀ pé cliquet eléyín mẹ́rìnlélógún ń fẹ́ kí ọwọ́ yí tó dìgírì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó mú eyín tó kàn, ṣùgbọ́n eléyín méjìléláàádọ́rin kò fẹ́ ju márùn-ún lọ; lábẹ́ ìjókòó àga, níbi tí ọwọ́ kò ti ráyè, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Mo wọn nọ́ọ̀tì àga ní mìlímítà: mọ́kàndínlógún ní táyà ńlá, mẹ́tàlá ní ti iwájú, mẹ́wàá ní bíréèkì. Mo so nọ́ọ̀tì mẹ́ta tó bá wọn dọ́gba mọ́ okùn, mo wọ gbáka padà sí Adjamé, mo ń dán wọn wò nínú gbogbo douille tí mo bá rí. Èyí tó bá ń mì, mo dá a padà. Èyí tó jẹ́ pé ọ̀dà ni wọ́n fi kọ nọ́ńbà rẹ̀ dípò kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú irin, mo dá a padà. Àwọn ọlọ́jà ń pè mí ní tantie mécano, àǹtí mẹkáníìkì. Àpótí tí mo rà níkẹyìn kéré, ó dúdú, kò wu ojú, owó rẹ̀ kò sì ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n gbogbo nọ́ńbà tí mo nílò ló ní douille tirẹ̀ àti sípánà tirẹ̀. Ẹni tó bá bi mí lónìí nípa irinṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú fún ilé, ohun tí mo máa kọ́kọ́ sọ fún un nìyẹn.

Síbẹ̀, apá mi kò gùn tó láti di bóòtì mú níta kí n sì yí nọ́ọ̀tì nínú. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ ní èbúté. Ìyá na ọwọ́, wọ́n ní kí n gbé sípánà wá. Mo ní kí wọ́n má ṣe wàhálà.

“Ọwọ́ tó gbé aṣọ láti àárọ̀ dalẹ́ ni. Mú un wá.”

Bí a ṣe jókòó nìyẹn, táyà wà láàárín wa. Ṣáájú ìgbà náà, èmi àti Ìyá kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Abidjan ni wọ́n bí mi sí, mo ń gbọ́ Yorùbá ju bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn, kí n sì sá lọ sí ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí fún wa lọ́rọ̀ sọ. Dì í mú. Rọra. Tún un yí. Ìyá ń pe nọ́ńbà sípánà ní èdè Júlà, bí wọ́n ṣe ń ka aṣọ lọ́jà: “tan” ni mẹ́wàá, “tan ni saba” ni mẹ́tàlá. Nígbà tí nọ́ọ̀tì bá le dáadáa, àwa méjèèjì ló ń mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, láti ìpẹ̀kun méjèèjì bóòtì kan. Ìgbà tí a ń di táyà iwájú ni wọ́n sọ ọ́, láìgbójú sókè.

“Àwọn tí mo mọ̀ ní Ẹ̀jìgbò ti kú tán. Àlejò ni mo máa jẹ́ níbẹ̀.”

Mo kàn tẹra mọ́ nọ́ọ̀tì náà.

Òjò dáwọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dé lọ́sàn-án Jímọ̀ kan láìsọ tẹ́lẹ̀, wọ́n bá bẹ́ẹ̀dì lófìfo. Mo sọ fún wọn pé Ìyá ti lọ kírun. Wọ́n béèrè ẹni tó tẹ̀ lé wọn, mo ní kò sí. Wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, wọ́n jáde, mo tẹ̀ lé wọn, mò ń fi ọkàn tún gbogbo nọ́ọ̀tì yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà náà ni Ìyá yọ ní ìyànà, nínú ìborùn funfun, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí táyà wọn jẹ́jẹ́, wọ́n sì ń kí obìnrin tó ń ta atíẹ́kẹ́, oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sáré lọ láti tì wọ́n. Ìyá gbọ́wọ́ sókè.

“Kúrò lọ́nà, kí n má gùn ọ́ lẹ́sẹ̀.”

“Ta ló tún un ṣe, Ìyá?”

“Èmi àti ìyàwó mi.”

Ẹ̀gbọ́n wo èékánná mi tó dúdú, wọn kò sì dárúkọ Ẹ̀jìgbò mọ́. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá mo lè bá wọn fún bóòtì bátìrì mọ́tò wọn. Nọ́ńbà mẹ́wàá ni.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Tí mo bá rántí bí mo ṣe gbé àpótí dídán yẹn wọlé bí ẹni gbé ẹ̀bùn, ẹ̀rín ara mi máa ń pa mí. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, èmi àti Ìyá ṣì máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ táyà méjèèjì, Yorùbá mi sì ti dán ju bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ lọ. A máa ń gbé igi tẹ́ẹ́rẹ́ ti táyà ọ̀tún, a ó yí táyà náà, a ó sì wọn bó ṣe ń sún kúrò lára igi náà. Nígbà tí a kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, ó fẹ̀ tó ìka kan. Lánàá, Ìyá béèrè pé mélòó ló ṣì ń sún. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá mi lójú: ìdajì mìlímítà.