Kúlà Àǹtí Apoògùn

Bí mo bá ti rí kúlà kékeré, Àǹtí apoògùn tó ní kẹ́mísì ní àdúgbò Shango ni mo máa ń rántí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà nínú fíríìjì wọn, àmọ́ wọn ò jẹ́ gún ẹnikẹ́ni. Bí o bá rà á, wọ́n á kó o sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, wọ́n á ti ìlẹ̀kùn, wọ́n á sì sìn ọ́ nínú oòrùn dé ilé ìwòsàn, kí nọ́ọ̀sì gún ọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn á kọjá sọ́dọ̀ oníkẹ́mísì kejì, tí kì í bi òfin léèrè.

Ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. Mo ní, "Àǹtí, àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n gún ni?"

"Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Òfin ni ò tíì mọ ọwọ́ mi. Sai hakuri, àfi ká ní sùúrù. Jẹ́ ká máa lọ."

Nígbà tí Àǹtí kọ́ ẹ̀kọ́ abẹ́rẹ́ gígún, tí ìwé àṣẹ sì dé, apá mi ni wọ́n kọ́kọ́ gún. Wọ́n ní kí n jókòó díẹ̀, ká lè mọ̀ bóyá ara mi gbà á. Àwọn náà jókòó tì mí. Mo ṣebí èmi ni wọ́n ń ṣọ́. Ìgbà tí mo yíjú, ọwọ́ tiwọn fúnra wọn ni wọ́n ń wò.