Pátákó Tó Bú Gbogbo Àdúgbò

Ọwọ́-Yá ni gbogbo wa ń pe aránṣọ náà, ó sì tọ́ sí i. Kí àìsàn tó wọlé tọ̀ ọ́, bí o bá gbé aṣọ fún un láàárọ̀, tí òde rẹ sì di ọ̀sán, o ò ní pẹ́ débẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà lórí máṣínnì, ẹnu rẹ̀ á wà lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, iṣẹ́ á sì máa lọ ní pẹrẹu.

Àfi bí ibà kan ṣe dá a dùbúlẹ̀. Ibà lọ, àárẹ̀ kọ̀, kò lọ. Kì í ṣe irú èyí tí oorun òru kan ń wò fún èmi àti ìwọ o. Ọwọ́-Yá á sùn, á jí, á tún wá rẹ̀ ẹ́ ju ìgbà tó fẹ́ sùn lọ. Bó bá rọ́jú rán ẹ̀wù kan lónìí, ọ̀la tàbí ọ̀túnla ni yóò tó jẹ ìyà rẹ̀: ẹsẹ̀ á wúwo, orí á máa fọ́ ọ, ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ á sọnù mọ́ ọn lẹ́nu. Á wo téèpù, á gbàgbé nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò títí, wọn ò rí nǹkan kan. Ni àwọn oníbàárà bá sọ ọ́ di Ọwọ́-Falẹ̀. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ò kúkú di.

Èyí tó dùn ún jù ni ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Tísà là ń pe ìyẹn. Eré ìdárayá ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé, ó sì ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, síbẹ̀ fèrè ò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ dénú. Ìfẹ́ náà ló ń gbé e wá kan ilẹ̀kùn láràárọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń bá wá: "Dìde." Pátákó ara ògiri ilé ìwòsàn wà lẹ́yìn rẹ̀ bí alátìlẹ́yìn. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nígbà náà ni pé bó bá ń rẹ̀ ọ́, máa ṣe eré ìdárayá, kí o sì máa fi kún un. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń fi kún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi kún un dé òpópónà ńlá, ọkọ̀ ni wọ́n fi gbé Ọwọ́-Yá padà, kò sì jáde síta mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Tísà ní kò sapá tó ni.

Ọwọ́-Yá ò bá a jà. Ẹ̀rù kan ló ń bà á: bí ẹ̀gbọ́n òun bá lọ kú ńkọ́, tó jẹ́ pé ọ̀lẹ ló mọ òun sí?

Nọ́ọ̀sì tuntun kan nílé ìwòsàn náà ló wá gba ẹjọ́ rẹ̀ rò. Ó ní àìsàn gidi ni, àárẹ̀ àìlọ. Kò tíì sí oògùn tó ń lé e tán pátápátá, ṣùgbọ́n wọ́n lè tọ́jú oorun, wọ́n lè tọ́jú ìrora, èyí tó sì ṣe kókó jù ni kí aláìsàn ṣe ìwọ̀nba tí ara rẹ̀ gbà, kó sinmi kó tó rẹ̀ ẹ́, kó má fipá fi kún un. Pátákó àtijọ́ yẹn ti ń ṣi èèyàn lọ́nà. Òun fẹ́ kọ tuntun, ọ̀rọ̀ tí yóò wọ aráàlú létí lòun ń wá. Ọwọ́-Yá fọwọ́ kan téèpù ọrùn rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ta ló mọ ìwọ̀n ju aránṣọ lọ? Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà gadagba sókè: MỌ̀WỌ̀N ARA RẸ. Òun náà ló sọ ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tí nọ́ọ̀sì kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Háà. Ẹ̀yin náà ti rí i, àbí? Àwọn méjèèjì ò rí i. Ta la máa ń sọ irú rẹ̀ sí, bí kò ṣe aláfojúdi? Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, kò sẹ́ni tí pátákó náà ò bú. Onígbàjámọ̀ ní òun ni wọ́n ń bá wí, torí òun bá olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn fa ọ̀rọ̀. Ìyá alágbàfọ̀ ní òun ni, torí òun kọjá síwájú lórí ìlà lọ́jọ́sí. Kódà, ẹni tí kò wọ ilé ìwòsàn rí láyé rẹ̀ ní òun mọ ẹni tó rán wọn sí òun.

Ọ̀gá ilé ìwòsàn ní kí pátákó náà wálẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọwọ́-Yá jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín èrò tó bínú wá sílé ìwòsàn, ojú ń tì í gan-an. Ibẹ̀ ni Tísà bá wọn. Ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó láyà tó ń bú àdúgbò òun. Ó dúró ti pátákó náà tí wọn ò tíì sọ̀ kalẹ̀, ó ń kà á sókè kó lè mọ ibi tí èébú náà parí sí.

Ó kà á dé ìsàlẹ̀: "Bí o bá sùn tí oorun ò wò ó, bí o bá ṣiṣẹ́ díẹ̀ lónìí tí o wá dùbúlẹ̀ lọ́túnla, ìwọ kì í ṣe ọ̀lẹ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fipá mú ọ rìn." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó tún ibẹ̀ kà.

Ó béèrè ẹni tó kọ ọ́. Ọwọ́-Yá ní, "Èmi ni, Bùọ̀dá."

Tísà fi fèrè sẹ́nu, ó fọn ọ́n, gbogbo ariwo sì dákẹ́.

"Ẹni bá fẹ́ jà, kó kọ́kọ́ kà á dé ìsàlẹ̀," ló wí. "Àbúrò mi ló kọ ọ́."

Wọ́n kà á. Pátákó àtijọ́ ti pẹ́ lára ògiri yẹn, kò sẹ́ni tó kà á tán rí, ṣùgbọ́n ta ni kò ní ka ibi tí wọ́n ti bú u tán? Ìyá alágbàfọ̀ kà á, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bóyá ohun tó ń ṣe ọmọ òun nìyẹn. Ọ̀gá rí wọn, ó ní kí wọ́n fi pátákó náà sílẹ̀.

Ó ṣì wà níbẹ̀. Ọwọ́-Yá náà ṣì wà. Ara rẹ̀ ò tíì padà sí ti tẹ́lẹ̀, n ò ní parọ́ fún yín, ẹ̀wù tí ì bá rán lọ́jọ́ kan ń gba ọ̀sẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n aránṣọ wa ni, a sì ń fi yangàn, bí àlejò bá dé, a máa ń mú un lọ wo pátákó yẹn. Tísà náà ò sì jáwọ́. Láràárọ̀ ló ń kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú fèrè ọrùn rẹ̀. Ọwọ́-Yá á ti fẹ́ dìde lọ ṣílẹ̀kùn fún un. Á gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìta:

"Jókòó. Mo ti mú kọ́kọ́rọ́ wá."